Ohun Tí Ìṣó Kọ Sára Sàréè ní Ìgànná

Láyé àwọn bàbá ńlá wa ní Ìgànná, ìlú wa ní Òkè-Ògùn, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí. Bàbá tó bá papò dà, iyàrá rẹ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọn ó gbẹ́ fún un, wọn ó tún ilẹ̀ rẹ́ kó dán, ọmọ yóò sì tẹ́ ẹní lé e ní alẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí òkúta, kò sí àkọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó sùn sí abẹ́ ẹní yẹn, àfi kó lọ bá baálé tàbí obìnrin ilé tó mọ oríkì ìdílé náà. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé Yorùbá kò mọ ọnà ojú oórì, pé òyìnbó ló kó o dé. Mi ò gbà. Òpá Ọ̀rànmíyàn ṣì dúró ní Ilé-Ifẹ̀, òkúta kan ṣoṣo tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára ní ìlà ní ìlà. Àwọn àgbà sọ pé ojú oórì Ọ̀rànmíyàn ni, ẹni tó tẹ Ọ̀yọ́ dó. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn Yorùbá, kò fi òkúta náà sílẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀: ó ka ìṣó ara rẹ̀, ó ṣe àpèjúwe ọnà tó wà níbẹ̀, ó sì gbìyànjú láti túmọ̀ wọn. Ìtumọ̀ tó fún wọn kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ṣùgbọ́n kíkà tó kà wọ́n wúlò títí dòní.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, mo ń yà á. Òkú àgbà ló sọ mí di ẹni tó ń ya sàréè. Àwọn ọmọ olóòkú á wá, wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí bàbá wọn tó ti kú tipẹ́, wọ́n fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ sí iwájú ìwé ètò, fọ́tò bàbá kò sì sí nílé mọ́. Ikán ti jẹ ẹ́, tàbí òjò ti wọ inú àpótí. Wọn a ní, "Ẹ bá wa ya ojú oórì bàbá, ká fi ìyẹn sí i." Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn sàréè wọ̀nyí, kámẹ́rà lójú, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ẹni tó ń kọjá lọ kì í rí. Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní ìlú wa, ohun tí wọ́n kọ sára sàréè ni ìwé tó pẹ́ jù tí ìdílé náà ní. Kò sí ìwé ìbí, kò sí ìwé ilẹ̀, kò sí lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ tí bíríkìlà fi ìṣó kọ sójú sìmẹ́ńtì tútù nìkan ló wà.

Sìmẹ́ńtì ló mú sàréè jáde síta gbangba. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Nàìjíríà, láti òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Nkalagu, ní ìlà-oòrùn, ni ti àkọ́kọ́, ní 1957. Ti Ewékorò, ní ìtòsí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Nítorí náà àpò sìmẹ́ńtì tó dé Ìgànná ṣáájú ìgbà náà ti gun ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, ó ti gun lọ́rì gba Ìsẹ́yìn kó tó kàn wá. Kì í ṣe ohun tí tálákà ń fi ṣeré. Ẹni tó rí owó tábà tàbí owó òwú, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ni wọ́n lè rẹ́ sàréè fún. Ọ̀wọ́n sìmẹ́ńtì yìí náà ló jẹ́ kí àwọn sàréè tó pẹ́ jù ní sìmẹ́ńtì tín-ín-rín lójú, amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ní inú. Òjò tó bá ti wọ ibi tó là, amọ̀ inú á wú, ojú á sì máa ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tòun ti àkọlé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ọ̀kan. Ó wà lẹ́yìn agboolé kan, láàárín ògiri ilé alámọ̀ tó ti wó àti igi òroǹbó. Wọ́n tẹ okùn mọ́ sìmẹ́ńtì nígbà tó ṣì tutù, wọ́n sì yọ ọ́, kí ojú ìtẹ̀ rẹ̀ lè di ọnà yí etí sàréè ká. Bí o bá fi ìka tẹ̀lé e, wàá mọ ibi tí okùn ti pàdé, tí bíríkìlà fi àtàǹpàkò pa á pọ̀. Lápá òkè, òṣùpá àti ìràwọ̀ kan wà tó yọ síta, ó dọ́gba dáadáa, ìyẹn fi hàn pé páálí ni wọ́n fi gé e kí wọ́n tó dà á. Orúkọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà ńlá ńlá, N rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú ní gbogbo ibi tó ti jẹ yọ. Ìlà tó kẹ́yìn kò gba ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ, ló bá ń fún àwọn lẹ́tà náà pọ̀ títí wọ́n fi yí gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ní igun kan, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ méjì tẹ̀ wọlé ṣinṣin. Ewúrẹ́ yẹn ti gun orí rẹ̀ kó tó gbẹ, wọn ò sì rí àyè tún un ṣe.

Bíríkìlà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣàlàyé fún mi ìdí tí àyè kò fi sí. Ó ní, "Ọmọ mi, sìmẹ́ńtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. A ó ti rẹ́ ẹ, a ó ti fi okùn fa ìlà sí i, akọ̀wé á máa pe lẹ́tà lórí ìdúró, èmi á máa kọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí oòrùn bá mú, ká tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ó ti ń le." Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé. Ẹni tó mọ̀wé ń pe lẹ́tà, ẹni tó mọ irin lò ń yà á sílẹ̀ bó ṣe rí àwòrán rẹ̀ lórí ìwé. Ìdí nìyẹn tí N fi yí padà. Mo fẹ́ràn N yẹn gidigidi, nítorí tí mo bá tún rí i lórí sàréè mìíràn tó ní okùn kan náà létí, mo mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni.

Ọdún ìbí tó wà lórí wọn tún jẹ́ nǹkan míì. "Nǹkan bíi 1870." "Nǹkan bíi 1885." Ẹni tó bá yára yóò ní wọ́n kàn méfò ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó ṣírò rẹ̀. Wọn a wo ohun tí bàbá máa ń sọ: pé òun ti lè gbé apó fún bàbá òun nígbà ogun Kírìjì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, pé òun ti bímọ nígbà rúkèrúdò Òkèihò àti Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ 1916, pé àjàkálẹ̀-àrùn 1918 ló pa àbúrò òun. Àwọn ọmọ á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn á fa ọdún kan yọ, bíríkìlà á sì kọ ọ́. Ìtàn ẹnu ló di iye lórí sìmẹ́ńtì.

Nípa bí mo ṣe ń yà wọ́n: ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀sán gangan kò dára, oòrùn á dúró lórí sàréè, ojú rẹ̀ á funfun gbòò, lẹ́tà ò ní hàn. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á ṣókùnkùn, tí etí rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀. Ibi tí ògiri bá dí oòrùn, dígí gbọọrọ kan ni ọmọ iṣẹ́ mi máa ń gbé dúró síta, yóò fi ta ìmọ́lẹ̀ náà wọlé kó fẹ̀gbẹ́ gbá ojú sàréè. Ọgbọ́n dígí yìí kì í ṣe tèmi. Daniel Farber lò ó ní Amẹ́ríkà, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Jessie Lie Farber, ń ya àwọn òkúta sàréè àtijọ́ ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Fọ́tò wọn àti ti àwọn tó ṣáájú wọn, tó fi mọ́ Harriette Forbes tó gbé ìwé jáde lórí àwọn òkúta náà àti àwọn tó gbẹ́ wọn ní 1927, lé ní 13,500 níbi tí wọ́n kó wọn pa mọ́ sí. Ẹ ronú sí i. Sàréè tó lé ní 9,000 ló wà nínú fọ́tò wọ̀nyẹn.

Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ sàréè kí n tó yà á, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n da ọṣẹ tàbí jíìkì sí i. Ẹfun táwọn kan fi ń kun inú lẹ́tà kó lè hàn tún burú, nítorí ohun tí ẹni tó ń kun ún rò pé ó wà níbẹ̀ ló máa kun. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi lásán tó. Èéhù tó bá ti dì mọ́ ọn, mo ń fi í sílẹ̀, torí bí a bá ha á, sìmẹ́ńtì ló ń bá a wá.

Fọ́tò nìkan kò tó, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù lọ́wọ́ gbọ́ nìyẹn. Mo tún máa ń tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ojú sàréè, màá fi tẹ́ẹ̀pù dè é létí, màá wá fi ìda dúdú kun ún ní ìrọ̀rùn, ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ibi tó ga á gba dúdú, ibi tí ìṣó gbẹ́ á funfun sílẹ̀. Ìda oyin tí àwọn ọdẹ ń kó wọ̀lú ni mo ń yọ́, mo sì ń po èédú lílọ̀ kíkúnná mọ́ ọn. Àwọn oníbàtà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irú ìda bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pa gìgísẹ̀ bàtà láró, òun gan-an sì ni àwọn tó ń kun ìwé lórí àwo idẹ ojú oórì inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn gbà lò. Àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe é ṣáájú gbogbo ènìyàn, àwọn ń lo tàdáwà. Ó ti lé ní 1,300 ọdún tí wọ́n ti ń fi ìwé gba ọ̀rọ̀ lára òkúta.

Sàréè ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ yẹn ló fi àǹfààní rẹ̀ hàn mí. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà níbẹ̀, a kò mọ̀ bóyá 1951 ni bàbá náà kú tàbí 1957, torí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé tó ń gun orí rẹ̀ ṣeré ti pa iye tó kẹ́yìn. Nígbà tí mo kun ìwé lórí rẹ̀, apá òkè 7 yọ, fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ṣùgbọ́n ó yọ. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ti darúgbó, ní kí n jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Ó ní ọdún yẹn náà ni òun rò, pé oyún wà nínú òun. Ọwọ́ tó ń kun ìwé ń mọ ohun tí ojú ò rí. Àmọ́ o, sàréè tó bá ti ń ṣí, tí o bá tẹ̀ ẹ́ tó ń dún kó-kó-kó nínú, má ṣe fi ìwé àti ìda kàn án. Fọ́tò ni kó o yà. Ìda kíkun lè wó ohun tí òjò kò tíì wó.

Mo ní àpẹẹrẹ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe, láti Gao ní orílẹ̀-èdè Mali. Ní 1939, wọ́n rí àwọn òkúta sàréè ọba ní Gao-Saney. Òkúta mábù ni díẹ̀ nínú wọn. Ìlú Almería ní Sípéènì ni wọ́n ti gbẹ́ wọn, wọ́n sì rù wọ́n kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà lórí ràkúnmí. Àwọn ọba tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí i kú ní 1100, 1110 àti 1120. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi orúkọ wọ̀nyí wé àwọn ìwé ìtàn tí wọ́n kọ ní Timbuktu ní nǹkan bí 500 ọdún lẹ́yìn náà, wọn kò bára mu. Òkúta dárúkọ àwọn tí ìwé kò mọ̀ rárá. Ṣáájú ìyẹn, ará Faransé kan, Georges de Gironcourt, ti rin àgbègbè náà já ní 1911 sí 1912, ó ń fi ìwé tútù gba àwọn ọ̀rọ̀ ara sàréè: yóò rẹ ìwé, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a wọnú ọnà, yóò dúró kó gbẹ, yóò ṣí i. Lára àwọn òkúta tó gbà lórí ìwé, a kò rí òmíràn mọ́ lónìí. Ìwé nìkan ló kù.

Ẹni tó wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, tó tún wọn kà, ni Paulo Fernando de Moraes Farias, ará Brazil, tó gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí wọn jáde ní 2003. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ọkùnrin yìí kan náà wá sí Ọ̀yọ́, ó jókòó ti àwọn arọ́kìn, òpìtàn ààfin Aláàfin, ó béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1992. Ẹni tó ń gbọ́ arọ́kìn ní ọwọ́ kan, tó ń ka sàréè ní ọwọ́ kejì! Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi mọ́ pé ìtàn ẹnu àti ìtàn òkúta ń bára wọn jà.

Ti ilé tún wà. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn ni, ìlú kan ní Òkè-Ògùn wa níhìn-ín, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, wọ́n sì sin ín sí ìtẹ́ òkú Ajélẹ̀ ní Èkó, láàárín àwọn gbajúmọ̀ ayé ìgbà náà. Ní 1971, ìjọba ní àwọn fẹ́ fi ilẹ̀ ìtẹ́ náà kọ́ ọ́fíìsì. Wọ́n hú àwọn òkú. Ti Crowther rí ẹni gbà á: ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹbí rẹ̀ tún un sin sí Kàtídírà Krístì ní Marina, ní 1976, pẹ̀lú ọlá. Gbogbo òkú kọ́ ló ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Ìtẹ́ tí wọ́n ti sin àwọn tó kọ́kọ́ ka ìwé, tẹ ìwé, tí wọ́n sì kọ́ ilé ẹjọ́ ní Èkó, bí wọ́n ṣe tú u ká nìyẹn, ó sì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bí ti Èkó, tó kún fún oníyàwòrán, bá lè lọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wá gba ti Ìgànná sílẹ̀?

Fọ́tò tún jẹ́ ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ ẹjọ́. Ní agbègbè Ikom, lẹ́bàá odò Cross, àwọn òkúta gbígbẹ́ tó jẹ́ ìrántí àwọn baba ńlá ibẹ̀ wà, nǹkan bí 300. Philip Allison, tó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó, ya wọ́n ní 1961 sí 1962, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1968. Lẹ́yìn náà ni olè wọ inú wọn. Àwọn fọ́tò Allison ni wọ́n ń gbé síwájú báyìí láti fi hàn pé òkúta tó wà ní musíọ̀mù báyìí báyìí lókè òkun, abúlé báyìí ló ti kúrò. Musíọ̀mù Chrysler ní Amẹ́ríkà ti dá ọ̀kan padà fún Nàìjíríà.

Ní Ìgànná, olè kọ́ ni ọ̀tá wa. Táìlì ni. Ọmọ tó bá rí jẹ yóò ti Èkó tàbí Kútọnu dé, yóò fẹ́ yẹ́ bàbá rẹ̀ sí, yóò fọ́ sàréè àtijọ́, yóò sì fi táìlì funfun bò ó pẹ̀lú orúkọ tí ẹ̀rọ kọ. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, mi ò sì lè bínú sí i. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ tó ṣáájú òòlù. Àwọn ààfáà kan sì wà tí wọ́n ní kí a má kọ nǹkan kan rárá, nítorí hadíìsì wà tó kọ sàréè rírẹ́ àti ọ̀rọ̀ kíkọ sí i lára. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà nílẹ̀ láti àádọ́rin ọdún, àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ ìlú yìí ló ní kí wọ́n kọ ọ́, ó sì yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Iṣẹ́ tó kù fún mi nísinsìnyí ni orúkọ àwọn bíríkìlà. Ní Newport, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, òkúta kan wà tí ọkùnrin adúláwọ̀ kan, Pompe Stevens, tó jẹ́ ẹrú, gbẹ́ fún arákùnrin rẹ̀ Cuffe Gibbs tó kú ní oṣù Kejìlá 1768. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i pé òun lòun gbẹ́ ẹ. Ẹrú ni, kò ní nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tiwa kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ṣì wà láyé. Mo ń gbé àwọn ìwé tí mo kun lọ bá wọn, màá tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá arúgbó á na ọ̀pá sí N tó yí padà, yóò ní, "Ti ọ̀gá mi nìyẹn," á sì dárúkọ rẹ̀. Màá kọ orúkọ náà sẹ́yìn ìwé pẹ̀lú bírò.

Mo ń ṣe ẹ̀dà méjì méjì. Ìwé ìtàn Johnson tí mo dárúkọ lókè, ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó tún un kọ, tó fi jáde ní 1921. Nítorí náà ẹ̀dà kan ń wà lọ́dọ̀ mi, èkejì ń wà lọ́dọ̀ baálé agboolé, nínú ọ̀rá tí mo dì lẹ́nu kí ikán má bàa rí i wọ̀. Oṣù méjì ṣì wà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Agboolé tó kàn ní sàréè mẹ́ta tí ojú wọn ti ń ṣí, mo sì ti bẹ àwọn ọmọ ilé náà kí wọ́n gbé pákó àti páánù bò wọ́n títí màá fi dé.